Ọjọ́ Orí Òkú Lọ́rùn Alààyè

Mesquite, Texas
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti ìhín. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀rọ etí tí mo fi ránṣẹ́ ti ń bá yín gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀? Ìyàwó mi Olúfúnkẹ́ kí yín, Òkìkíolúwa náà kí yín. Òtútù ti ń lọ níbí, a ti ń ṣí wíńdò lọ́sàn-án. Ìbílọlá ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bọ̀ nílé wá sin bàbá rẹ̀, òun ni mo fi ìwé yìí rán, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Mo ti sọ fún yín pé Òkìkíolúwa ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nílé ìwé. Eré ọ̀hún, ẹnì kan á dúró lórí òkìtì, á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí ọsàn àìpọ́n, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á fi igi gbá a bó bá lè rí i. Òkìkíolúwa ni ẹni tí ń jù ú. Màmá, wọn kì í rí i! Bó bá ti fi í sílẹ̀, ìró rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń hán an lẹ máa gbọ́.

Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Jessica. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yí gbogbo Texas ká, kó máa wo àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ ńlá rẹ̀ lè mú. Ó ti wo Òkìkíolúwa ní Mansfield, ó wò ó ní Denton, ó tún wá wò ó níbí. Ẹ̀yìn àwọ̀n ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó rí bí ìbọn, tí ń ka eré bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ̀rọ náà ka máìlì mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Ọkọ̀ mi gan-an kì í sá tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí.

Nǹkan kan ló kù. Ẹgbẹ́ náà máa ń wádìí ọjọ́ orí ọmọ tí wọn kò bá bí síbí. Ẹnì kan lè ti Ìbàdàn wá bá yín ní Ìsẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a jọ sọ ní ọdún 2016 náà ni kẹ́ ẹ sọ. Òkìkíolúwa wà ní Améríkà, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2007 la bí i. Kó mọ síbẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Adékọ́lá


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 2025

Adékọ́lá,

Mo rí ìwé rẹ gbà lọ́wọ́ Ìbílọlá. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò ṣe bí ará Améríkà. Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ ń hó sí mi létí bí ìkòkò ẹ̀wà, mo ti yọ ọ́ sínú àpótí. Etí ló ti lọ, ojú mi ṣì wà. Ojú yẹn ni mo fi ka orúkọ Òkìkíolúwa nínú ìwé ojú kan, ìgbà márùn-ún. Olùkọ́ ni mí, mo kà á.

Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni? Ọwọ́ mi ni Òkìkíolúwa kú sí, lẹ́yìn ibà ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí físà rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí. Olúfúnkẹ́ wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ń bọ̀ wá mú un. Kó tó dé, a ti sin ín. Ìwọ lo pè mí tí o ní, “Màmá, ìwé wà, ọmọ wà.” Ọmọ tó wà ni Gbéminíyì, ọmọ Ìbùkún àbúrò rẹ, tó kú lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó ń bí i. Kò tíì pé ọdún méje. Ó tètè ga, ojú wọn sì jọra, la bá gbé ìwé ẹni ọdún mẹ́sàn-án lé e lọ́wọ́.

Mo gbà nígbà náà, n kò ní ti gbogbo rẹ̀ sí ọ lọ́rùn. Mo ní ọmọ òrukàn ni, èmi náà ti ń darúgbó, kó lọ síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti là. Àmọ́ o kò mọ ohun tí ojú mi rí níbí. Àdúgbò mọ̀ pé ọmọ kan kú nílé mi, mo sì ní láti sọ èyí tó kú. Mo ní Gbéminíyì ni. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi jókòó tì mí, tí wọ́n ń bá mi dárò ọmọ tó wà láàyè tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́dọ̀ rẹ. Pásítọ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọmọ yẹn ti ń bà mí. Ta ní í ṣe àmín lé alààyè lórí?

Hàwáù ara ilé kejì ló bá mi wẹ òkú Òkìkíolúwa, òun nìkan ló mọ̀. Kò bá mi sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n nígbà ààwẹ̀ tó bá gbé sàárà wá, abọ́ kékeré méjì ló máa ń gbé lé ti èmi lórí. Mo máa ń rí ipa ẹsẹ̀ ọmọ nínú erùpẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ òsì. Mo máa ń gbá a kúrò. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Méjèèjì ló bá mi.

Kò síbi tí o ti sọ fún mi bóyá Gbéminíyì ń jẹun. Eyín iwájú rẹ̀ tó yọ lọ́sẹ̀ tó fi kúrò lọ́dọ̀ mi, ṣé ó hù dáadáa? Ta ló ń pe orúkọ rẹ̀ fún un níbẹ̀ yẹn?

Ìyá rẹ


Mesquite, Texas
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Ìyá mi,

Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka ìwé yín, ní iwájú ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì lè wọlé fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ń jẹun. Ó ti ga jù mí lọ. Eyín náà hù, ó funfun. Àmọ́ ẹ má kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo ti ya ìwé náà. Olúfúnkẹ́ kò gbọdọ̀ rí i. Látọjọ́ tí ọmọ náà ti wọlé wa, kò fi orúkọ mìíràn pè é rí, kódà bó ku àwa méjì. Ó máa ń sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bí òun ṣe rọbí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Bí mo bá wò ó, á ní, “Kí ló dé tí ẹ ń wò mí?” Màá gbójú kúrò.

Jessica wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó jẹ ìrẹsì, ata ta á, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ka ohun tó kọ nípa ọmọ náà fún mi, ó ní òun kì í tan òbí jẹ. Ó ní apá náà yára, kò sì fi agídí jù. Bọ́ọ̀lù ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe wàhálà kankan. Ó ní ó gbọ́ràn. Ó wá ka èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Bọ́ọ̀lù kì í lọ síbi tó rán an. Nínú mẹ́wàá, mẹ́rin á yà. Irú jíjù kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín, èjìká rẹ̀ kò fẹ̀, eré kì í tíì dé ìdajì kó tó rẹ̀ ẹ́. Bí kóòṣì bá sì bá a wí, omi á lé sí i lójú bí ọmọdé.

Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, “Sà, bó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ǹ bá ti sáré pe ọ̀gá mi. Kò sí ọ̀kan nínú àléébù wọ̀nyí tí n kò ní lè dúró dè. Àmọ́ ẹni ọdún méjìdínlógún, ibi tó bá a dé náà nìyẹn.”

Màmá, mo rẹ́rìn-ín débi pé ó bi mí bóyá ara mi yá. Gbogbo àléébù tó kà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti ọmọ náà. Ti ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tí a fi kún un ni. Ẹ rántí pé nígbà tó kọ́kọ́ dé, wọ́n fi í sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, olùkọ́ sì kọ̀wé sí wa pé kò tètè mòye. Mo bá a wí lọ́jọ́ náà. Mo nà án.

Ohun kan tún wà tí Jessica sọ. Ó ní kó tó ju bọ́ọ̀lù, ó máa ń kọ́kọ́ wo ọwọ́ òsì rẹ̀, lórí koríko tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn tó ń gbá a yóò fi mọ ìgbà tó fẹ́ jù, kí n bá a sọ ọ́. Mo bi í lójú ọ̀nà bí a ṣe ń ti Mansfield bọ̀.

“It’s Òkìkí, Daddy,” ló wí. “He stands there. Ó ní ó ti kan òun.”

Ó ní bí àwọn ṣe ń lé ẹyẹ lóko bàbà yín nìyẹn: ọ̀kan á ju òkúta, èkejì á dúró ní òsì títí yóò fi kàn án. Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú, mo ń wo ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tó ń wádìí bá dé, ẹ má jẹ́ kí ohùn yín yí padà.

Adékọ́lá


Mesquite, Texas
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Ìyá mi,

Ẹ kò dá mi lóhùn. Ó ti lé lóṣù kan. Mo pe Hàwáù lórí fóònù, ó ní ara yín le, kò sọ jù bẹ́ẹ̀, ó pa fóònù. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fi ìyà jẹ mí ni, ó ti tó.

Apá ọmọ náà wú. Láàárín eré ló di ìgúnpá mú, tó ń sọ pé, “I’m good, I’m good,” omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ya fọ́tò egungun fún ẹlòmíràn. Kí dókítà tó lanu, mo ti rí i. Ìlà dúdú kan wà nínú ìgúnpá náà. Nínú egungun ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ìlà yẹn gbọ́dọ̀ wà, ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn. Bí ọmọ bá fi ń pé méjìdínlógún, ó ti yẹ kó pa dé.

Dókítà yẹ ìwé wò, ó rí 2007. Ó ní a jẹ́ pé egungun ló sán tí kò jinná. Yóò là á, yóò fi irin dè é, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà. Ó wá ní, “Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ dá yín lójú?” Olúfúnkẹ́ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. “Èmi ni mo bí i,” ló wí. Mo sì fọwọ́ sí ìwé.

Lánàá ni ọjọ́ ìbí. Olúfúnkẹ́ fi àbẹ́là méjìdínlógún sórí kéèkì. Ọmọ náà fẹ́ wọn pa tán, ó gbójú sókè, èmi ló wò.

Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè gba ìwé ìlú yìí lọ́wọ́ gbogbo wa, kí wọ́n sì lé ọmọ náà kúrò. Bí n kò bá sọ ọ́, wọn yóò fi ọ̀bẹ la egungun tí kò sán, apá náà lè má gùn mọ́ láé. Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Ẹ tètè sọ ọ́.

Adékọ́lá


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Adékọ́lá,

N kò bínú. Ojú ló ń tì mí, n kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́.

Ẹni tí o sọ dé ní ọjọ́ kẹfà oṣù tó kọjá. Láyíwọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọlúàbí ni, ó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó ti dé ilé ìwé tí mo ti ṣe ọ̀gá, ó ti rí orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ mi kọ wọ́n. Ó ń kọ ìbéèrè sórí bébà kí n lè kà á. Ó ní Òkìkíolúwa wà ní Améríkà, Gbéminíyì ńkọ́? Mo ní ó kú. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ó wá kọ ọ́ pé ṣé mo lè fi ibojì rẹ̀ han òun, kí òun ya fídíò rẹ̀, kí iṣẹ́ òun lè pé.

Mo mú un débẹ̀, Adékọ́lá. Mo dúró lórí Òkìkíolúwa, mo pe orúkọ Gbéminíyì sí i. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó ní ẹ̀rọ òun kò gbọ́ ọ dáadáa, kí n tún un pè. Mo tún un pè.

Láti ọjọ́ náà oúnjẹ kò wọ̀ mí. Hàwáù ló wá jókòó tì mí, ó sì la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó fẹnu sí mi létí, ó ní, “Ìyá, ẹ ti pe alààyè sínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kẹta.” Nígbà tí ìwé rẹ nípa ọ̀bẹ àti irin wá dé, mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń bọ̀ yẹn.

Mo ti kọ̀wé sí Láyíwọlá. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa, mo sọ ẹni tó wà nínú ilẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ orí mi kò ju kí wọ́n gbé mi lọ sẹ́wọ̀n lọ, bí wọ́n bá fẹ́. Ìwọ náà, lọ bá dókítà. Má jẹ́ kí wọ́n la ọmọ Ìbùkún nítorí ọjọ́ orí òkú. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé, ilé ò kún. Ọpẹ́olúwa, ọmọ alàgbà ìjọ wa, ló ń padà sí Dallas lọ́la, òun ló mú ìwé yìí. Mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó má sì kúrò títí o fi kà á.

Ìyá rẹ


Mesquite, Texas
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Ìyá mi,

Ọpẹ́olúwa dúró títí mo fi kà á. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gbé ìwé yín kiri nínú àpò ẹ̀wù, ẹnu mi kò gbà á. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, ẹ̀rù ìyàwó mi ń bà mí ju ti ìjọba lọ.

Àná la dé ilé ìwòsàn. Àṣà wọn níbí ni pé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló gbọ́dọ̀ bi aláìsàn léèrè orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí wọ́n má baà la ẹlòmíràn. Èmi náà máa ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ bèèrè, ọmọ náà sọ ti Òkìkíolúwa. Ẹni tó ń fún un lóògùn oorun bèèrè, ó tún sọ ọ́. Nígbà tí dókítà wọlé tó bèèrè, ó pa ẹnu mọ́. Dókítà tún bèèrè. Ọmọ náà yíjú sí mi.

Mo ní, “Gbéminíyì ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2009 la bí i, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án.”

Olúfúnkẹ́ dìde. “Kí lẹ̀ ń sọ? Òkìkíolúwa mi dà?”

“Ó ti kú, Fúnkẹ́. Ó kú ní Ìsẹ́yìn.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí táìlì, ó sì figbe ta. Ẹ kò tíì gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí. Ẹkún ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Òótọ́ ni wọ́n rò. Gbéminíyì sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó fa okùn tí wọ́n kọ orúkọ sí já kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó fi í lé Olúfúnkẹ́ lọ́wọ́.

Wọn kò la á. Dókítà tún fọ́tò náà wò, ó ní ọmọ tó ń dàgbà ni, wọ́n ti lò ó jù ni. Kó má ju nǹkan kan fún oṣù mẹ́rin. Lọ́yà tí mo lọ bá ní òun kò lè ṣèlérí, kí a máa retí ìwé ìjọba. Jessica pè mí. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní òun ti yọ orúkọ náà kúrò nínú ìwé òun, àti pé bí ọ̀rọ̀ ìwé wa bá lójú, kí n pe òun ní ọdún méjì sí i. Ó ní ìgbà yẹn ni yóò pé méjìdínlógún.

Olúfúnkẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí yín.

Adékọ́lá


Mesquite
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Màmá,

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo “Olúfúnkẹ́ kí yín” tí ẹ ti ń kà, n kò rán an. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ìwé yín máa ń bà mí.

Ọmọ náà wà dáadáa. Láàárọ̀ yìí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó bi mí bóyá òun ṣì lè máa pè mí ní Mọ́mì. Mo ní kó wá jẹun. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo pè é. Ó jẹ ẹyin mẹ́ta.

Lọ́dún tí mo wá, ẹ sọ fún mi pé ìyá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Mo gbà. Mo mú ọmọ Ìbùkún, a wọkọ̀. N kò sunkún, nítorí ẹni tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Améríkà kì í sunkún níwájú àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Aṣọ tí mo rà bọ̀ fún Òkìkíolúwa láti ìhín, Gbéminíyì ni mo wọ̀ ọ́ fún. Ó tóbi fún un díẹ̀.

N kò ní bèèrè ibi tí ọmọ mi wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti Hàwáù sọ fún mi, kí ẹ fi rán ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀. Aṣọ wo lẹ wọ̀ fún un? Ṣé ẹ rí ìbọ̀sẹ̀ fi sí i lẹ́sẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè tutù.

Olúfúnkẹ́